Kọ̀ǹpútà Ti Yan Ewé, Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Sí I?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí ọkàn, lórí ewé àti egbò, àti lórí irinṣẹ́ tuntun kan tó ti bọ́ sáàárín wọn. Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ṣáínà, Íńdíà, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ èròjà inú ewé wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó lè gba ọkàn tó ti fara pa sílẹ̀. Bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, kì í pẹ́ tí ìròyìn rẹ̀ fi ń dé orí fóònù wa: wọ́n á ní sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ewé báyìí ń wo àrùn ọkàn. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí wúlò púpọ̀, ó sì yẹ kí àwa náà máa ṣe é, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń bí, kò tíì dáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìbéèrè náà di ìdáhùn, tó rọ ọ́ sínú ìgò, tó sì tà á fún aláìsàn, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Mo fẹ́ kí a jọ wo ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìpalára tí à ń sọ. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ṣùgbọ́n òun alára ò lè ṣe kó má gba ẹ̀jẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn lára ló sì ń gbé e wá fún un. Bí ọ̀rá bá ti kó sínú òpó kan, tí ibẹ̀ wá ya, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì sí i, apá ọkàn tí òpó náà ń bọ́ kò ní rí ọ́síjìn mọ́. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní heart attack. Láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ogójì, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tó bá sì kú nínú ọkàn àgbàlagbà, agbára káká ni ara fi ń rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sáré ṣí ọ̀nà náà, yálà pẹ̀lú oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti ọrùn ọwọ́ tàbí itan kì bọnú òpó ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú nìyí: ẹ̀jẹ̀ tó padà dé yẹn gan-an ń ṣe ìpalára tirẹ̀. Ọ́síjìn tó ya wọlé lójijì ń bí àwọn èròjà tó ń jẹ ara sẹ́ẹ̀lì. Kálísíọ́mù á kún àkúnya. Àwọn mitochondria tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, sẹ́ẹ̀lì tí kò kú nígbà tí ìyàn ẹ̀jẹ̀ mú á wá kú lẹ́yìn tí ìrànwọ́ ti dé. Láti 1960 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti ń tọpa ìpalára yìí nínú ọkàn ajá, síbẹ̀ kò tíì sí oògùn kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí pé ó ń dènà rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2019, bí 17.9 mílíọ̀nù ènìyàn ni àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ pa, àti pé ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ tó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ọ̀rọ̀ tó kàn wá ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá oògùn yìí lọ sọ́dọ̀ ewé? Nítorí pé ewé ti ṣe é rí ni. Ní 1785, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Withering, kọ̀wé lórí ewé foxglove tí wọ́n ń lò lábúlé fún ara wíwú. Láti inú ìdílé ewé yẹn ni digoxin ti wá, tí wọ́n ṣì ń lò fún àwọn aláìsàn ọkàn kan dòní. Iṣẹ́ ńlá tí Withering ṣe ni pé ó wọn ewé náà, ó wo ìwọ̀n tó ń ṣe oore àti ìwọ̀n tó ń ṣe ibi, nítorí méjèèjì kò jìnnà síra, ó sì kọ ti àwọn tí kò rí ìwòsàn sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn tó rí i. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn oníṣègùn wa ti ń lo asofẹ́yẹjẹ láti ayébáyé fún wèrè. Nínú mọ̀lẹ́bí igi yẹn kan tó wà ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland ti yọ reserpine jáde ní 1952, asofẹ́yẹjẹ tiwa náà sì ní in lára. Reserpine wà lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ láyé, kó tó di pé ìbẹ̀rù dé pé ó lè fa ìsoríkọ́, tí àwọn oògùn mìíràn sì gba ipò rẹ̀. Àpẹẹrẹ méjèèjì ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Agbára wà nínú ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n, ìṣọ́ra àti àkọsílẹ̀ ló sọ agbára náà di oògùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an. Ká mú quercetin, èròjà kan tó pọ̀ nínú àlùbọ́sà. Olùwádìí á wá àwòrán rẹ̀ jáde nínú PubChem, àkójọ ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, á wá àwòrán pròtéènì kan nínú ara ènìyàn, ká ní cyclophilin D, ọ̀kan lára àwọn tó ń jẹ́ kí mitochondria ṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé. Inú Protein Data Bank ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1971 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní 200,000 báyìí. Àwòrán náà ń fi ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan dúró sí hàn, àti kòtò kékeré kan lára pròtéènì tí nǹkan lè há sí. Ètò kan bí AutoDock Vina, tí ilé ìwádìí Scripps ní California gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, á wá mú èròjà inú àlùbọ́sà yìí, á dà á dojúdé, á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ̀ ẹ́ kò, á sì máa tì í wọ kòtò náà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní máàkì, bóyá -7, bóyá -9. Bí máàkì náà bá ṣe rẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òdo tó ni wọ́n gbà pé èròjà náà dì mọ́ pròtéènì ọ̀hún tó. Iṣẹ́ tí ìbá gba ilé ìwádìí ní oṣù púpọ̀ àti owó gọbọi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká lè ṣe é láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà ló wà nínú ewé, a ò sì lè dán gbogbo wọn wò lára ẹranko, ká má tíì sọ ènìyàn. Ohunkóhun tó bá lè bá wa yan mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún, ó ti ṣe wá lóore.

Ṣùgbọ́n máàkì yẹn ní àléébù. Kílókálórì ni wọ́n fi ń kà á, ìyàtọ̀ kílókálórì kan àtààbọ̀ péré sì ti tó láti sọ dídìmọ́ra èròjà di ìlọ́po mẹ́wàá tàbí kó dín in kù dé ìdá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tó tó kílókálórì méjì kò ṣọ̀wọ́n nínú irú ìṣirò yìí. Ọ̀pọ̀ ètò náà tún máa ń mú pròtéènì bí ohun tó dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ pròtéènì inú ara ń mì, omi sì yí i ká. Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ni pé kí wọ́n to gbogbo èròjà inú ewé kan jọ, kí wọ́n to gbogbo jíìnì tí wọ́n ti so mọ́ àrùn ọkàn jọ, kí kọ̀ǹpútà wá wo ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó bá ka irú àbájáde bẹ́ẹ̀ dáadáa á rí i pé àwọn orúkọ kan náà ló ń jáde ṣáá: AKT1, TNF, IL6. Ewé tọ̀hún ìbáà ti Ṣáínà wá, ìbáà ti Òṣogbo wá, àwọn ni. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn pròtéènì wọ̀nyí ni àwọn olùwádìí ti kọ̀wé lé lórí jù, orúkọ wọn ló sì kún inú àkójọ tí kọ̀ǹpútà ń kà. Bákan náà ni quercetin àti àwọn ìbátan rẹ̀, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ewé tí wọn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí gbogbo ewé bá gba máàkì, máàkì náà kò tíì sọ èyí tó lè wo ọkàn.

Ìṣòro kejì ni ọ̀nà tí èròjà ń gbà dé inú ọkàn. Kọ̀ǹpútà ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pròtéènì tààrà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú ikùn ló ń gbà, ẹ̀dọ̀ á tú u palẹ̀, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló sì máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ curcumin, èròjà inú ata ilẹ̀ pupa, fi èyí yé wa. Nínú abọ́ ìwádìí, kò sí ohun tí wọn kò ní ó ń ṣe. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ gbogbo rẹ̀ wò: ìdánwò lára ènìyàn ti lé ní 120, kò sì sí ọ̀kan tó yege nínú àwọn tí wọ́n fi oògùn òfìfo ṣe òdiwọ̀n, tí dókítà àti aláìsàn kò sì mọ ẹni tó gba èwo. Curcumin kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ara, kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan nínú abọ́ ìwádìí débi pé ó ń tan olùwádìí jẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé kí wọ́n tún un ṣe lára ẹranko, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo cyclosporine, oògùn tó wá láti ara olú kíkíní kan tó ń gbé inú erùpẹ̀. Oògùn yìí ní ẹ̀rí tó ju ti kọ̀ǹpútà lọ fíìfíì. Wọ́n mọ̀ dájú pé ó ń di cyclophilin D mú. Ó ti dín ìpalára kù nínú ọkàn ẹranko. Ní 2008, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fún àwọn kan nínú aláìsàn 58 ní oògùn náà bí wọ́n ṣe ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn, àmì ìpalára ọkàn sì dín kù lára àwọn tó gbà á. Ayọ̀ gba gbogbo ènìyàn kan. Ní 2015 ni èsì ìdánwò ńlá jáde, aláìsàn 970 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tọpa wọn fún ọdún kan gbáko. Nínú àwọn tó gba oògùn náà, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú tàbí tí ọkàn wọn burú sí i, nínú àwọn tó gba òfìfo, ìdá 58. Kò sí ìyàtọ̀ kankan tó ní láárí. Bí oògùn tó ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá lè ṣubú báyìí, kí ni ká ti wí nípa èyí tí kò ní ju máàkì kọ̀ǹpútà lọ?

Síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí mú wa sọ̀rètí nù, nítorí ọ̀nà náà ṣe é rìn dópin. Tongxinluo jẹ́ oògùn ìbílẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n pò pọ̀ láti ara ewé, egbò àti kòkòrò, tó fi mọ́ ginseng, àkeekèé àti eṣúṣú. Ní 2023, wọ́n gbé èsì ìdánwò rẹ̀ jáde: aláìsàn tó lé ní 3,700 tí heart attack kọlù, ní ilé ìwòsàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wọn gba ìtọ́jú òde òní, àwọn kan gba Tongxinluo kún un, àwọn yòókù gba òfìfo. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àjálù bí ikú tàbí heart attack mìíràn bá ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á, ó sì bá ìdá 5.2 àwọn tí kò gbà á. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣe é, ó sì yẹ kí àwọn ilẹ̀ mìíràn tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dúró lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Colchicine náà, tó wá láti ara òdòdó kan ní Yúróòpù, dín àjálù kù lára aláìsàn 4,745 nínú èsì ti 2019. Ìdánwò mìíràn tó ju ìyẹn lọ ní 2024 kò rí àǹfààní kankan, àríyànjiyàn sì ń lọ títí di òní. Bí ìmọ̀ tòótọ́ ṣe ń rìn nìyẹn: gbangba ni wọ́n ti ń jà á, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń jà á.

Àwa ńkọ́? Orógbó wa ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kolaviron, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára ibi tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù láyé. Ní 2017, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti Gúúsù Áfíríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọkàn eku. Wọ́n kọ́kọ́ fi kolaviron bọ́ àwọn eku náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ọkàn wọn jáde, wọ́n so ó kọ́ sẹ́nu páìpù gíláàsì kan, ọ̀nà tí Langendorff ará Jámánì gbé kalẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n sì ń fi omi oníyọ̀ tó ní ọ́síjìn bọ́ ọ, ọkàn náà sì ń lù kìkì láìsí ara. Wọ́n dá omi náà dúró, wọ́n tún ṣí i padà, wọ́n sì wọn agbára tí ọkàn fi ń lù. Ọkàn àwọn tó jẹ kolaviron padà bọ̀ sípò ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Iṣẹ́ tó lágbára ni, ó ju máàkì kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n eku tó ti jẹ èròjà náà kí ìpalára tó dé yàtọ̀ sí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, oníṣúgà, tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí àyà ti ń dùn ún láti òru. Ohun tó kù ni láti mọ ìwọ̀n, àkókò àti ewu rẹ̀ lára ènìyàn, ibẹ̀ gan-an sì ni owó àti ìfẹ́ ìjọba ti máa ń tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé àwọn baba wa kò ní kọ̀ǹpútà, wọn kò sì ṣe ìdánwò kankan, síbẹ̀ ewé wọn ń jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú lè tètè rí ni àwọn àgbà fi ń mọ agbára ewé: ibà tó lọ, egbò tó jiná, ara tó wú tó wá fọ́n. Ìpalára tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nígbà tí dókítà bá ṣí òpó tó dí, inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, iṣẹ́ ìwòsàn òde òní ló sì jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Kò sí àgbà tó lè ti dán ewé wò fún un. A tún máa ń sọ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Mo gbà. Àmọ́ tí a kò bá kọ iye ẹni tó yè àti iye ẹni tó kú sílẹ̀, báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ewé kan ló kù? Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n ni Tu Youyou, onímọ̀ oògùn kan ní Ṣáínà, fi hàn. Inú ìwé oníṣègùn àtijọ́ ló ti rí ìmọ̀ràn lórí ewé kan fún ibà, ó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ oje rẹ̀ padà, ó dán an wò, artemisinin jáde, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìmọ̀ àwọn àgbà ló ṣílẹ̀kùn, ìdánwò ló mú ayé wọlé.

Àwọn mìíràn á ní àwọn aláìsàn ń kú lónìí, ìdánwò ń pẹ́, kí wọ́n máa lò ó ná, ewé ò kúkú lè ṣeni ní nǹkan. Ìyẹn gan-an ló léwu jù. Ewé St John's wort tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù máa ń dín digoxin kù nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, oògùn tó ń gbé e ró kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ewu kejì ni àkókò. Wákàtí kan tí ènìyàn fi mu àgbo nílé nígbà tí òpó ọkàn ti dí, ẹran ọkàn tó ń kú ló fi san án. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tó dájú ti wà nílẹ̀ tí kò wọ́nwó: ní 1988, èsì ìdánwò lára aláìsàn 17,187 fi hàn pé aspirin lásán, tí ìtàn rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti èèpo igi willow, dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn heart attack.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣe kedere. Ẹ̀yin olùwádìí ní yunifásítì wa, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nítorí ìgbéga. Ẹ mú ohun tó yan lọ sínú sẹ́ẹ̀lì àti ẹranko, ẹ sì kọ èyí tó kùnà sílẹ̀ bí Withering ti ṣe. Ẹ̀yin ìjọba àti ẹ̀yin olówó wa, ẹ ná owó sórí ìdánwò lára ènìyàn, níbi tí gbogbo ìwádìí wa ti ń dá dúró. Ẹ̀yin tó ń ta oògùn ìbílẹ̀, ẹ má fi nọ́ńbà kọ̀ǹpútà polówó fún aláìsàn ọkàn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ ka ara ìgò àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan máa ń wà níbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí oníṣòwò ń sọ wò. Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà yín láìfi ọ̀kan pamọ́. Bí àyà bá ń dun ènìyàn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé, tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ti fi hàn pé ewé báyìí ń wo ọkàn, ẹ bi í pé ènìyàn mélòó ló lò ó, mélòó ló yè, ta ni wọ́n sì fi wọ́n wé. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ fi owó yín sápò.